Ṣé Dandan Ni Yunifásítì fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ á ní òun fẹ́ fi ilé-ìwé gíga sílẹ̀, kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́fà ní Èkó, pé owó ń bẹ níbẹ̀, pé àwọn olówó ayé pàápàá kò parí yunifásítì. Bàbá á ní kò lè ṣẹlẹ̀ lójú òun, pé ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kò lè jẹ́ ènìyàn láwùjọ. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà, tó jẹ́ pé inú àpò rẹ̀ ni owó náà yóò ti jáde yálà ó lọ síhìn-ín tàbí ó lọ sọ́hùn-ún, á wá máa bi tíṣà pé, “Tíṣà, èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì?” Wọ́n ti bi èmi náà bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mélòó kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí a yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tó bá ti lè tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń tún fóònù ṣe, ti di ọ̀gá nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní làákàyè. Ohun tí a bá pa láṣẹ fún un náà ni yóò ṣe, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ kúrò níbẹ̀. Ètò ni a ń pe àwọn àṣẹ wọ̀nyí nígbà tí a bá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ẹni tó ń tò wọ́n ni akọ-ètò. Bí ẹ bá fi fóònù yín sanwó fún oníṣòwò kan ní Kánò, akọ-ètò kan ló ti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wo iye tí ẹ ní, kí ó yọ iye báyìí kúrò níbẹ̀, kí ó fi kún ti ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, àti ohun tí yóò ṣe bí nǹkan bá dáwọ́ dúró láàárín yíyọ àti fífi kún. Bí ó bá gbàgbé ti ìkẹyìn yìí, owó yín ti wọgbó nìyẹn.

Iṣẹ́ náà gan-an dàgbà ju ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ ọ lọ. Ní 1953 ni Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 1962 ni Yunifásítì Purdue dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ti ń kọ ètò fún ẹ̀rọ kí èyíkéyìí nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ará Họ́láńdì kan, Edsger Dijkstra, sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní 1972 nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing, pé nígbà tí òun ń gbéyàwó ní 1957, òun kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó pé akọ-ètò ni òun, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Amsterdam kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ó kọ ọ́ pé onímọ̀ físíìsì ni òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí di ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà.

Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn wọn ni ti obìnrin tíṣà kan, mo sì fẹ́ kí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi fara balẹ̀ kà á. Dorothy Vaughan ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bí i ní 1910. Ó gboyè nínú ìṣirò ní Yunifásítì Wilberforce ní 1929, ó sì fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ìlú Farmville ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ó gba iṣẹ́ ní Langley, níbi tí ìjọba ti ń ṣe ìwádìí nípa ọkọ̀ òfuurufú. Ìṣirò ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ẹnjiníà. Ní ayé ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń ṣírò. Òfin ìyàsọ́tọ̀ sì wà: àwọn obìnrin dúdú ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, wọ́n sì ń jẹun lọ́tọ̀. Ní 1949 wọ́n fi Vaughan ṣe olórí ẹ̀ka àwọn obìnrin dúdú náà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ẹ̀rọ wá dé, ó hàn sí ìyá yìí pé ẹ̀rọ náà yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Kò jókòó kí ó máa ráhùn. Ó kọ́ èdè FORTRAN, èyí tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1957, ó sì tún fi kọ́ àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tíṣà tó jẹ́. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 1971. Ẹni tó ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ èdè tuntun yìí o, kì í ṣe ọmọdé.

Àwọn kan á fò sókè pé, “Ẹ ò rí i! Kò lọ sí ilé-ìwé kọ̀ǹpútà rárá.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Obìnrin tó ti gboyè nínú ìṣirò, tó ti ṣàlàyé rẹ̀ lójú pátákó títí, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìṣirò ọkọ̀ òfuurufú láìgbọdọ̀ ṣì í, FORTRAN kò lè ṣòro fún irú rẹ̀ bí yóò ti ṣòro fún ẹni tí ìṣirò ìdá ṣì ń dẹ́rù bà. Ilé-ìwé kò kọ́ ọ ní ètò kọ̀ǹpútà. Bí a ti ń ronú ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a kì í fo ìkankan, ni ilé-ìwé kọ́ ọ, ìyẹn sì ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé.

Orúkọ tí àwọn ọmọ wa máa ń dá jù lẹ́nu ni ti Bill Gates. A kò lè jiyàn pé ó fi Yunifásítì Harvard sílẹ̀ ní 1975, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Paul Allen sì dá ilé-iṣẹ́ Microsoft sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni wọn kì í sọ. Ní 1968, nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 13 ní ilé-ìwé Lakeside ní ìlú Seattle, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé náà kó ẹrù àlòkù jọ, wọ́n tà á, wọ́n sì fi owó rẹ̀ gba ẹ̀rọ kan tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níbòmíràn, wọ́n tún san owó wákàtí tí àwọn ọmọ yóò fi lò ó. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyálọ́jà: owó àlòkù ni! Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí kò ti dẹ́kun à ń kọ ètò títí ó fi dé Harvard ní 1973. Ẹni tó jáde ní Harvard yìí ti ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọdún méje gbáko kí ó tó jáde. Nítorí náà, ọmọ tí kò tíì kọ ètò kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́, tó ń wí pé bí i ti Bill Gates ni òun fẹ́ ṣe, ibi tí ọkùnrin náà gbà jáde ló rí, kò rí ibi tó gbà wọlé.

Kò yẹ kí èyí rú àwa Yorùbá lójú, nítorí a mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ á gbálẹ̀ fún ọ̀gá, á gán bọ́tìnnì, á tú èyí tó rán wọ́, á tún un rán, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù tó pé. Ọmọ awo tó ń kọ́ Odù 256 kò gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé kò lọ sílé-ẹ̀kọ́? Èyí tí a kò gbọ́ rí ni ẹni tó mọ iṣẹ́ láìní ọ̀gá, láìní ohun èlò, láìfi àkókò sí i. Àwọn tó ń sọ pé àwọn dá kọ́ ètò kọ̀ǹpútà fúnra wọn, bí ẹ bá bi wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé ìwé tí ẹlòmíràn kọ ni wọ́n kà, ètò tí ẹlòmíràn kọ ni wọ́n tú palẹ̀ wò, ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí ló sì bá wọn wá àṣìṣe wọn rí.

Kí wá ni ilé-ìwé ń fúnni tí ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà lè má fúnni? Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé gbèsè ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyálọ́jà kan ní oníbàárà 1,000 tó jẹ ẹ́ lówó, ó sì ní kí ọmọ kan kọ ètò tí yóò máa bá òun wá orúkọ jáde. Ọmọ náà lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ àkọ́kọ́, kí ó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tí à ń wá bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìgbà 1,000 ni ẹ̀rọ yóò wò. Ọmọ mìíràn á kọ́kọ́ to àwọn orúkọ náà ní a-b-d, á wá ní kí ẹ̀rọ ṣí àárín gbùngbùn: bí orúkọ tí à ń wá bá ṣáájú ti àárín, kí ó pa ìdajì ìsàlẹ̀ tì, bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó pa ìdajì òkè tì, kí ó tún ṣí àárín èyí tó kù. Kò ní ju ìgbà 10 lọ tí yóò fi rí i. Bí àwọn oníbàárà bá wá di 1,000,000, ọ̀nà ti àkọ́kọ́ lè gba wíwò ìgbà 1,000,000, ọ̀nà kejì kò ní ju 20 lọ. Ẹ̀yin tíṣà lè fún kíláàsì yín ṣe lọ́la: kí wọ́n máa pín 1,000 sí méjì títí yóò fi ku ẹyọ kan, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí wọ́n pín in.

Ẹni tó jókòó sí kíláàsì dáadáa yóò ti pàdé ọ̀nà ìdajì yìí kí ó tó rìn jìnnà. Ẹni tó kọ́ ọ níbi iṣẹ́ lè má pàdé rẹ̀ títí ọjà yóò fi kún, tí ẹ̀rọ yóò máa wọ́ bí ìgbín, tí kò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Àmọ́ kí a má tíì ju fìlà sókè fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọ̀nà ìdajì yìí kan náà ti dójú ti àwọn náà. Ọ̀gbẹ́ni Joshua Bloch, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Carnegie Mellon, sọ pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yunifásítì náà, olùkọ́ àwọn, Jon Bentley, ní kí gbogbo àwọn kọ ètò ọ̀nà ìdajì sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn kọ ni kò sì pé. Nígbà tó yá, Bloch kọ ọ̀kan sínú èdè Java, tí gbogbo ayé ń lò. Ní 2006 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síta pé ètò òun náà ti ní àléébù nínú láti bí ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ wo ohun tó fà á. Láti mọ àárín, ẹ̀rọ ń ro nọ́ńbà àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti ìkẹyìn, ó sì ń fi 2 pín in. Kò sí tíṣà tí kò ní fi “ó dára” sí i. Ṣùgbọ́n àyè tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ fún irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò gba ju 2,147,483,647 lọ. Bí àròpọ̀ bá kọjá ìyẹn, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di iye tó dín sí òfo, bí ìgbà tí ẹni tó ní owó jù lọ́jà bá dédé di onígbèsè. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a yọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn, kí a pín èyí tó kù sí méjì, kí a wá fi kún ti àkọ́kọ́. Oyè kọ́ ló tú àṣìṣe náà fó. Lílò lórí iṣẹ́ tó tóbi ló tú u fó.

Ti Java, orí ló yọ ọ́. Àwọn mìíràn kò ríbi sá sí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sára àwọn alárùn jẹjẹrẹ, Therac-25 ni orúkọ rẹ̀. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀rọ yìí tan ìtànṣán tó pọ̀ kọjá àlà sára ènìyàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn kan nínú wọn sì bá a lọ. Nínú àwọn àṣìṣe tí wọ́n rí nínú ètò rẹ̀ ni pé bí òṣìṣẹ́ tó ń lò ó bá ṣi àṣẹ tẹ̀, tó sì sáré tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ojú ẹ̀rọ á fi àtúnṣe náà hàn, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kò gbọ́. Àwọn ẹ̀rọ ti àtijọ́ ní ohun ìdènà tí a fi irin àti wáyà ṣe, tí kò ní jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Nínú ti tuntun yìí wọ́n yọ wọ́n kúrò, wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ètò nìkan.

Nancy Leveson àti Clark Turner gbé ìwádìí wọn lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1993. Ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n ní, ló kọ ètò náà láàárín ọdún mélòó kan, ó sì ti fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1986. Nígbà tí ẹjọ́ dé, tí agbẹjọ́rò ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé irú ẹ̀kọ́ wo ni ẹni náà ní, irú iṣẹ́ wo ló ti ṣe rí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè dáhùn.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí látìgbà tí mo ti kà á. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà gboyè, ó lè jẹ́ pé kò gbà á. Bí ó bá tilẹ̀ gba oyè mẹ́wàá, òun nìkan ló dá kọ ọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó jókòó yẹ ẹ́ wò bó ti yẹ kí ó tó kan ara ènìyàn. Ní tèmi o, ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un kò mọ ẹni tí wọ́n gbé e fún. Ẹni tó fẹ́ gba awakọ̀ sí ọkọ̀ akérò á bèèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wakọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ilé-iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014. Ìdánwò ni wọ́n fi ń yan àwọn ọ̀dọ́, wọn kò fi dandan lé oyè kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń san owó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló gba ibẹ̀ di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ dúró, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbà wọ́n síṣẹ́ ń fẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀nà tó kúrú nínú wọn.

Ìwé-ẹ̀rí náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò ní oyè yunifásítì tàbí HND kò lè sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba sì ń béèrè ìwé ìsinlú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ H-1B láti lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, oyè yunifásítì ni wọ́n ń béèrè, tàbí ohun tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin wọn kà sí ọdún kan ní yunifásítì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 12 dípò ọdún mẹ́rin. Kí ọmọ tó fẹ́ jáde nílé-ìwé mọ èyí kí ó tó di ẹrù rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò lè gbè lẹ́yìn ilé-ìwé tí kò ní ẹ̀rọ. Ní 2018, àwòrán tíṣà kan ní Gánà kárí ayé: ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú Microsoft Word sára pátákó láìku ẹyọ kan, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò nípa kọ̀ǹpútà, ilé-ìwé náà kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Ayé yìn ín, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ yìí, bí a kò ti lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ní òdò wíwẹ̀. Yunifásítì tí ọmọ yóò lọ fún ọdún mẹ́rin tí kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kò sàn ju kíláàsì oṣù mẹ́fà lọ. Kíláàsì oṣù mẹ́fà kúkú ní iná mànàmáná.

Ọ̀rọ̀ tuntun tún ti wọ̀ ọ́. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń kọ ètò bí a bá sọ ohun tí a fẹ́ fún un. Àwọn ọmọ kan ń sọ pé kò tún sí ohun tí àwọn ń kọ́ mọ́. Mo bi wọ́n pé, bí ẹ̀rọ bá kọ ètò tó rí bí ti Java yẹn fún yín, tó ṣiṣẹ́ lónìí, tó ṣiṣẹ́ lọ́la, ta ni yóò rí àléébù inú rẹ̀? Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Nítorí náà, ìyá tó fẹ́ sanwó, kí ó má kọ́kọ́ béèrè orúkọ ìwé-ẹ̀rí. Kí ó béèrè iye wákàtí tí ọmọ òun yóò fi jókòó ti ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ kan, àti bóyá òun nìkan ni yóò lo ẹ̀rọ náà tàbí òun pẹ̀lú àwọn márùn-ún mìíràn. Kí ó béèrè ẹni tí yóò máa ka ètò tí ọmọ náà bá kọ, tí yóò fi bíírò pupa sí i. Kí ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tí àwọn tó ti parí níbẹ̀ ṣe han òun. Bí ọmọ bá sì ti wà ní yunifásítì, tí kò burú níbẹ̀, kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan fún un kí ó máa kọ ètò nínú ìsinmi, kí ó wá ọ̀gá tí yóò sún mọ́. Ìyẹn dín owó kù ju kí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò láìmọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí ó kọ ètò ìwé gbèsè yín. Nígbà tó bá gbé e dé, ẹ kọ orúkọ oníbàárà kan sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ “ẹgbẹ̀rún” níbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Ẹ ní ẹni tó jẹ yín ní ₦5,000 san ₦7,000. Ẹ pa ẹ̀rọ lójijì bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo orúkọ ṣì pé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, tí ó ní ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n lò, ẹ má tíì sanwó. Bí ó bá gba bíírò, tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tó ní kí ẹ fún òun di ọjọ́ Àìkú, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì dúró dè é.